Bi Màmá Akápò Léèrè: Owó Ta Ni Ẹgbẹ́ Ń Ná?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kú ìfojúsọ́nà. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ojú ìwé yìí, káṣíà báńkì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń tọ́jú àpò fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan níbí ní Ìkòròdú, ẹgbẹ́ tí kò ga ju dífíṣọ̀n kẹta lọ rí. Ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù, ibi tí owó rẹ̀ ń gbà jáde ni mo mọ̀. Lẹ́tà owó bọ́ọ̀lù ló sì pọ̀ jù lóṣù yìí.

*Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Torí Kanu ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé Portsmouth, ẹgbẹ́ England tí à ń pè ní Pompey, mi ò sì lè fi wọ́n sílẹ̀ mọ́. Ní ilé ìwòran tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi mí ṣe, pé ẹgbẹ́ mi kò mọ̀ ju kí wọ́n yọ pọ́ìǹtì lọ́rùn rẹ̀ lọ. Ohun tí kò yé mi ni èyí: bí olówó bá ra ẹgbẹ́, tó sì fẹ́ ná owó ara rẹ̀, kí ló kan àwọn aláṣẹ líìgì níbẹ̀? Kí sì ló dé tí òfin ìnáwó wọn fi le nísàlẹ̀ ju òkè lọ? — Ọmọ Pompey, Sábó*

Ọmọ mi, èmi náà jẹ nínú ayọ̀ 2008 yẹn. Ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún, àṣekágbá ife FA ní Wembley, Portsmouth àti Cardiff City, góòlù kan ṣoṣo, Kanu ló gbá a wọlé. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò bèèrè lọ́jọ́ náà ni iye tí àwọn agbábọ́ọ̀lù yẹn ń gbà lóṣù, àti ibi tí owó ọ̀hún ti ń wá. Pápá wọn, Fratton Park, nǹkan bí ogún ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń gbà. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kò lè gbé irú owó oṣù bẹ́ẹ̀. Ti tẹlifíṣọ̀n gan-an kò gbé e tán. Ẹni tó ni ẹgbẹ́ ló ń fi ti àpò rẹ̀ dí i, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ owó yíyá.

Kò pé ọdún méjì sí ìgbà tí wọ́n gbé ife náà. Ní February 2010, Portsmouth di ẹgbẹ́ Premier League àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé alábòójútó gbèsè lọ́wọ́, ìyẹn ẹni tó ń dárí ẹgbẹ́ tí kò lè san gbèsè rẹ̀ mọ́. Gbèsè náà ju mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn lọ. Wọ́n yọ pọ́ìǹtì 9 torí ìyẹn, ẹgbẹ́ já sí Championship, dífíṣọ̀n kejì. Ní 2012, ọ̀rọ̀ náà tún ṣẹlẹ̀, pọ́ìǹtì 10 lọ, wọ́n já sí League One. Sáà tó tẹ̀ lé e, pọ́ìǹtì 10 mìíràn tún lọ, wọ́n bá ara wọn ní League Two. Láti orí ife FA dé dífíṣọ̀n kẹrin, ọdún márùn-ún. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, àmọ́ ní ti bọ́ọ̀lù, àgbà tó jẹun á ti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ, àwọn ọmọ ilé ni yóò ru igbá.

Ìyẹn ni ìdáhùn ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́. Owó olówó kì í ṣe owó ẹgbẹ́. Bí ọkùnrin kan bá lọ gba fúláàtì olówó ńlá sí Àgíríìkì fún obìnrin tó ń ta gààrí, adùn ni títí di ọjọ́ tí ọkùnrin náà bá bínú lọ. Lándílọ́ọ̀dù kò ní wá a lọ sílé ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá nínú ilé ló máa sọ fún pé ó ku oṣù kan. Agbábọ́ọ̀lù tó fọwọ́ sí ìwé ọdún mẹ́rin, ẹgbẹ́ ló jẹ ẹ́, kì í ṣe ẹni tó lówó nígbà tí ó fọwọ́ sí i.

Torí náà ni wọ́n ṣe fi òdiwọ̀n sí i. Ní Championship, òfin tí wọ́n lò fún ọ̀pọ̀ ọdún ni pé àdánù ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ ju mílíọ̀nù 39 pọ́n-ùn lọ láàárín ọdún mẹ́ta, ìyẹn mílíọ̀nù 13 lọ́dún. Kí ẹ tó pariwo pé ó pọ̀, ẹ gbọ́ ìyókù: mílíọ̀nù 15 péré nínú rẹ̀ ni ẹgbẹ́ lè dá gbé. Tó bá ti lé ní ìyẹn, àfi kí ẹni tó ni ẹgbẹ́ fi owó gidi wọlé, kí ó fi ra ìpín, kì í ṣe kí ó yá ẹgbẹ́. Owó tí wọ́n bá ná sórí ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé, ẹgbẹ́ obìnrin àti àtúnṣe pápá kò sí nínú ìṣirò náà. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣoore fún ẹgbẹ́, kí ó kọ́ nǹkan tí kò ní bá a lọ.

Ní ti ìbéèrè rẹ kejì, òfin tí Premier League gbé kalẹ̀ ní 2013 gba àdánù tó tó mílíọ̀nù 105 láàárín ọdún mẹ́ta, o rí i pé wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Owó tẹlifíṣọ̀n ló ṣe ìyàtọ̀. Òkè ni owó náà wà, gbogbo ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló sì ń sáré láti débẹ̀. Ọ̀pọ̀ sáà ló ti wà tí owó oṣù nìkan, ní Championship lápapọ̀, ju gbogbo owó tó wọlé lọ. Gbogbo owó tó wọlé ni mo wí o: tíkẹ́ẹ̀tì, tẹlifíṣọ̀n, jẹ́sì, bíà. Ní báńkì wa, bí oníbàárà bá mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá pé kí á yá òun lówó, mánẹ́jà á ní kí sìkiọ́ríìtì bá òun sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ní League One àti League Two, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó oṣù agbábọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ ju ìdá 60 nínú 100 owó tó ń wọlé lọ ní League One, ìdá 50 ní League Two. Ní August 2020, nígbà tí kòrónà ti pápá pa, wọ́n gbìyànjú láti fi iye kan pàtó sí i: mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ pọ́n-ùn fún ẹgbẹ́ League One, mílíọ̀nù kan ààbọ̀ fún ti League Two. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù pè wọ́n lẹ́jọ́ pé wọn kò bá àwọn jókòó sọ ọ́, ìgbìmọ̀ onílàjà sì fagi lé e ní February 2021. Wọ́n padà sí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Inú mi dùn pé wọ́n padà. Ẹgbẹ́ tó ń rí ogún ẹgbẹ̀rún ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà àti èyí tó ń rí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, kí ló dé tí wọ́n á fi jọ jẹ iye kan náà? Kí kálukú ṣáà jẹ ìwọ̀n ọwọ́ rẹ̀.

Tí àwọn yẹ̀yẹ́ bá tún ṣẹ̀fẹ̀ ní Sábó, sọ èyí fún wọn. Ní 2013, àwọn olólùfẹ́ Portsmouth fúnra wọn dá owó, ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn fún ìpín kan, ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn tó dá a, wọ́n sì ra ẹgbẹ́ náà. Wọ́n dárí rẹ̀ láìjẹ gbèsè, wọ́n gba ife League Two ní 2017 kí wọ́n tó tà á fún ará Amẹ́ríkà kan lọ́dún náà. 2024 ni wọ́n padà sí Championship. Bí a ṣe ń dá àjọ ní ọjà Sábó náà ni, àfi pé ẹni tó kó o kò sá lọ.

*Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, oúnjẹ ni mo ń tà ní Odógunyàn. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan gba ilé sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi fún kámpù. Mánẹ́jà wọn ní kí n máa fún àwọn ọmọ náà ní oúnjẹ àárọ̀ àti alẹ́, pé òpin oṣù ni àwọn yóò máa san. Oṣù kìíní, wọ́n san. Ìkejì, wọ́n san díẹ̀. Ìkẹta, wọ́n kó jáde lóru. Owó mi tó wà lọ́wọ́ wọn lé ní ₦400,000. Mánẹ́jà ní alága ló jẹ mí, alága ní ẹgbẹ́ ló jẹ mí. Ta ni kí n mú? — Olóúnjẹ*

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá àwọn ọmọ. Ẹ kò dá nìkan wà. Nínú ìwé gbèsè Portsmouth tí mo sọ lókè, àwọn tó ń gbé ọkọ̀ áńbúláǹsì dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá wà níbẹ̀, àwọn oníṣòwò kéékèèké ìlú náà wà níbẹ̀. Ogún pẹ́ńsì nínú pọ́n-ùn kan ni wọ́n fi bẹ̀ wọ́n. Àmọ́ gbèsè agbábọ́ọ̀lù àti ti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn, wọ́n gbọ́dọ̀ san án pé, torí òfin líìgì ní ẹgbẹ́ tí kò bá san ìyẹn kò ní padà sórí pápá. Ilé iṣẹ́ owó orí ìjọba wọn gbé òfin yìí lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì pàdánù ní 2012. Gbogbo òfin ìnáwó tí mo kà sílẹ̀ fún Ọmọ Pompey, kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó dárúkọ olóúnjẹ. Èyí ni ó máa ń bí mi nínú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á ní ẹgbẹ́ jẹ́ ti ìlú. Ará ìlú ni wọn kì í rántí bí owó bá tán.

Ẹ jẹ́ ká wá owó yín. Ẹ mú fóònù yín, ẹ wá àlẹ́àtì oṣù kìíní tí wọ́n san. Orúkọ wo ló wà níbẹ̀? Bó bá jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́, ó ní àkáǹtì, ó ṣeé ṣe kó ti forúkọ sílẹ̀ ní àjọ CAC, ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ máa pè. Bó bá jẹ́ orúkọ alága ló fi ránṣẹ́, ẹ kọ orúkọ alága mọ́ ti ẹgbẹ́. Bó bá sì jẹ́ orúkọ mánẹ́jà, tí ẹgbẹ́ kò sí nínú ìwé ìjọba kankan, mánẹ́jà tó paṣẹ oúnjẹ ló jẹ yín. Àlẹ́àtì yẹn lágbára ju ìwé àwìn lọ, torí pé ọwọ́ tiwọn ló ti wá.

Ìwé àwìn náà ṣe pàtàkì ṣá. Bí àwọn ọmọ náà bá ń fọwọ́ sí i bí wọ́n ṣe ń gba oúnjẹ, ẹ má jẹ́ kí epo kan ojú ìwé kan. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ lónìí.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ibùdó ìlàjà ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á pe mánẹ́jà àti alága, ọ̀pọ̀ aláfojúdi ló máa ń rí owó lójijì bí ìwé ìjọba bá dé ọwọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ láti wá, ẹ gba kóòtù màjísíréètì lọ, ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè kéékèèké. Èkó ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2018, gbèsè tí kò bá ju ₦5,000,000 lọ ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, ẹ lè rojọ́ fúnra yín láìní lọ́yà, wọ́n sì ṣètò rẹ̀ kó lè parí láàárín 60 ọjọ́. Ẹ máa kọ́kọ́ kọ lẹ́tà pé kí wọ́n san owó yín; wọ́n ní fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ẹ kọ iye tó pé pérépéré síbẹ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́ ‟ó lé ní ₦400,000.”

Nígbà mìíràn tí ẹgbẹ́ bá gba ilé sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù yín, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni kí wọ́n máa san, kí wọ́n sì san ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀.

*Ọmọ mi ọkùnrin wà ní Sheffield, ẹgbẹ́ Sheffield Wednesday ló ń ṣe. Ó ní ẹgbẹ́ òun kò sí ní òkè láti ìgbà tí wọn kò tíì bí òun dáadáa, síbẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì wọn ń fa àpò ya. Ṣé kò yẹ kí ọjà tí kò dára mọ́ wálẹ̀ lówó ni? — Bàbá Ìjẹ̀dẹ́*

Bàbá, ọjà yìí kò rí bí ọjà Sábó. Ẹni tó bá rí i pé tòmátì ti jẹrà, á kọjá sí iwájú; olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù kò kọjá. Àwọn tó ń tà á náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá já láti Premier League, wọ́n á fún un ní ìpín díẹ̀ nínú owó tẹlifíṣọ̀n tí òkè ń pín dọ́gba: ìdá 55 nínú 100 lọ́dún kìíní, 45 lọ́dún kejì, 20 lọ́dún kẹta tó bá ti lò ju sáà kan lọ lókè, ó parí. Lẹ́yìn ìyẹn, owó ẹnu ọ̀nà di ìdá tó tóbi nínú ohun tí ẹgbẹ́ ń jẹ, ibẹ̀ ni wọ́n sì máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ wá rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín: ní Premier League, tíkẹ́ẹ̀tì ẹni tó bá tẹ̀ lé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí pápá ẹlòmíràn kò ju £30 lọ láti sáà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Nísàlẹ̀, kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ti Wednesday tún wá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní October 2023, ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà bọ́ sí ìta, ó ní kí àwọn olólùfẹ́ wá nǹkan bí mílíọ̀nù méjì pọ́n-ùn jọ kí òun lè san owó orí àti owó oṣù. Ní 2025, owó oṣù pẹ́ léraléra, àwọn olólùfẹ́ sì fi pápá sílẹ̀ lófìfo láti fi ẹ̀hónú hàn. Nígbà tó di October 2025, wọ́n gbé ẹgbẹ́ lé alábòójútó gbèsè lọ́wọ́, pọ́ìǹtì 12 lọ. Kí ni àwọn olólùfẹ́ yẹn wá ṣe? Wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ láti ra jẹ́sì àti tíkẹ́ẹ̀tì. Torí náà bí ọmọ yín bá tún ké gbàjarè, ẹ bi í bóyá òun náà wà lórí ìlà.

*Màmá wa, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Ìmọ̀tà, a fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún Nationwide League One ti Nàìjíríà níbí. Kánsẹ́lọ̀ kan ti ṣèlérí jẹ́sì àti bọ́ọ̀sì. Eélòó ni kí a fi owó ẹnu ọ̀nà sí? Irú ìwé wo ló yẹ kí a máa kọ? — Ọ̀dọ́ Ìmọ̀tà*

Ẹ kú oríire, ẹ sì kú ewu. Ẹ yọ kánsẹ́lọ̀ kúrò nínú ìṣirò. Bí bọ́ọ̀sì bá dé, ẹ wọ̀ ọ́. Ìgbà kan wà tí Leventis United ti Ìbàdàn gba ife Challenge Cup Nàìjíríà ní 1984 àti 1986, tó sì gba líìgì ní 1986, ilé iṣẹ́ ńlá ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ohun tí wọn kò ní. Ní 1987, ilé iṣẹ́ náà ní ó tó, ẹgbẹ́ pòórá. Kánsẹ́lọ̀ yín kò ní Leventis lẹ́yìn.

Iye tẹ́ ẹ máa gbà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wo iye tí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ń gbà ní àdúgbò yín, kẹ́ ẹ má kọjá rẹ̀. Ọmọkùnrin tó bá lè wo Arsenal ní ₦300 kò ní fi ₦500 wò yín. Bó ṣe ń wọlé ló ṣòro ju iye rẹ̀ lọ. Ẹ tẹ tíkẹ́ẹ̀tì tó ní nọ́ńbà, ẹ má lo ìwé tí wọ́n gé ní kàfé. Ẹni tó ń tà kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń ya á lẹ́nu ọ̀nà. Kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lókè ìdì tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Bó bá parí, ẹ kọ èyí tó kù. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ẹ fi owó tíkẹ́ẹ̀tì kan sọ ọ́ di púpọ̀, owó tó wà nínú báàgì gbọ́dọ̀ bá a mu. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ èyí ní ẹgbẹ́ tiwa, kò sí ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìdí ni pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹni tó ń mú wọlé: ọmọ báálẹ̀, àbúrò rẹfirí, ọ̀rẹ́ gólì, agbèrò tó ní òun ló ń ṣọ́ ọ̀nà. Ẹ fún àwọn wọ̀nyí ní tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, kẹ́ ẹ ka òun náà. Ẹ máa rí ìdí tí pápá fi kún tí báàgì kò wúwo.

Kí owó oṣù má kọjá ìdajì ohun tó ń wọlé, bíi ti League Two tí mo sọ. Ìdajì tó kù, rẹfirí, epo bọ́ọ̀sì, áńbúláǹsì, ẹfun tí ẹ fi ń fa ìlà àti oúnjẹ ni yóò jẹ ẹ́. Ẹ rántí olóúnjẹ.

Ibi tí owó gidi wà fún ẹgbẹ́ bíi tiyín nìyí, ẹ fi ọkàn sí i. Bí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, òfin FIFA ní kí wọ́n yọ ìdá 5 nínú 100 owó náà fún gbogbo ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ dàgbà láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Sáà kọ̀ọ̀kan láti 12 sí 15 ń mú ìdámẹ́rin ìdá kan nínú 100 wá, ti 16 sí 23 ń mú ìdajì ìdá kan. Ká ní ọmọ Ìmọ̀tà kan wà lọ́dọ̀ yín láti ọdún 14 títí dé 17, ìdá kan ààbọ̀ nínú 100 ni tiyín. Bí wọ́n bá wá tà á ní mílíọ̀nù mẹ́wàá pọ́n-ùn láti England sí Spain, £150,000 ni ẹ máa gbà, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa rí nígbàkígbà tí wọ́n bá tún tà á síta. Àmọ́ FIFA kò mọ ojú ọmọ yín, ìwé ni wọ́n mọ̀. Bí ẹ kò bá fi orúkọ ọmọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù ní sáà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ orí tó jẹ́ òótọ́, ẹlòmíràn ló máa gba owó yín. Ọjọ́ orí tó jẹ́ òótọ́ ni mo wí o, ẹ̀yin náà mọ ìdí tí mo fi tún un sọ.

*Ìdí wo ni àwa ará Ìkòròdú kò fi ń kún pápá fún Ikorodu City? — Ará Ẹ̀bútè*

Torí Onikan ni wọ́n ti ń gbá a. Láti ìgbà tí wọ́n ti gòkè sí líìgì àgbà ní 2024, pápá Mobolaji Johnson ni wọ́n ń pè ní ilé. Láti Ìkòròdú, ó kéré tán ẹ máa wọ bọ́ọ̀sì BRT dé TBS, tàbí kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò, kẹ́ ẹ tún padà lálẹ́. Owó ọkọ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì yín, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá ń ṣírò bóyá ilé wa lè ní pápá tó yẹ, kó ṣírò owó ọkọ̀ ẹgbẹ̀rún ènìyàn mọ́ ọn.

*Ọ̀rẹ́ mi ní kí a máa jẹ́ kí obìnrin wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ ní bọ́ọ̀lù àdúgbò wa kí wọ́n lè pọ̀. Kí lẹ rí sí i? — Ọmọ Ìgbógbó*

Owó kọ́ ló ń lé wa. Ẹ wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní ìlẹ̀kùn, omi àti gíláàsì tí kò fọ́, kẹ́ ẹ sì gbé ibi ìjókòó jìnnà sí àwọn tó ń mu ògógóró. A ó san owó wa.